Eré Ajá Tí Bàbá Mi Pa Lẹ́nu Mọ́

Nílé wa ní àdúgbò An-Nakkasah, a máa ń wo eré kàtúùnù àtijọ́, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ọ. Bàbá mi ní orin kò gbọdọ̀ dún nínú ilé ní Mẹ́kà, wọn a sì pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ àwọn eré yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ajá bá ń yọ́ lọ, dùùrù á bá a yọ́. Bó bá jábọ́ lórí àtẹ̀gùn, fèrè ni yóò kéde rẹ̀. Tiwa dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi iyọ̀ sí i. Á tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ajá náà, á máa fẹnu kọ orin tó rò pé ó bá a mu, jẹ́jẹ́, èmi á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ tí Bàbá ká a mọ́ ọn, wọn ò nà án. Wọ́n ní, "O ti bàjẹ́. Ìyá mi á tún ọ kọ́ ní Ìlọrin."

Wọ́n fi í ránṣẹ́ lọ lóòótọ́. Ìkámà rẹ̀, ìwé àṣẹ ìgbélùú, kú síbẹ̀, ìjọba ò sì jẹ́ kó wọ ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí mọ́. Nígbà tí a sin ìyá wa sí itẹ́ òkú Al-Hujun ní Mẹ́kà, orí fóònù ló ti sunkún.

Jẹ́dà ni mò ń gbé báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá sì ń darúgbó sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọlé bá àwọn àti ọmọ mi obìnrin níwájú tẹlifíṣọ̀n. Eré ajá yẹn ni. Gòjé òyìnbó ń ké tantan, orí Bàbá sì ń mì sí i.

Inú bí mi gan-an. "Bàbá, ṣé kì í ṣe èyí lẹ torí ẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìgbà yẹn yàtọ̀," ni wọ́n wí, wọn ò sì yíjú.

Ìgbà! Àfi bí ẹni pé ìgbà ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́, gbólóhùn kan péré. Mo pè é, mo gbé fóònù sí wọn létí.

"Bàbá, mo kúnlẹ̀ o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Orin wo ló ń dún lọ́dọ̀ yín yẹn?"

Bàbá wo ọmọ mi. "Ọmọ yìí ni. Mo ti ń bá a wí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e lọ."