Adé Tó Dọ̀bálẹ̀ ní Ìpẹ̀rú

Bí ẹ bá bi àwọn ará Ofin ní Ṣàgámù léèrè Lásúnkànmí káfíńtà, wọn á kọ́kọ́ bi yín padà pé, "Kábíyèsí wa ni?" Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, bó bá sì sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ará ojúde á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Adétúnbọ̀, ọ̀gá eléré orí ìtàgé, fi sọ ọ́ di ọba nínú gbogbo eré rẹ̀. Láàárọ̀, Lásúnkànmí á máa rẹ́ pákó, á máa kan ìṣó. Tí òde eré bá wá dé, á dé adé ìlẹ̀kẹ̀, á jókòó, á máa pàṣẹ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ àdúgbò ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Kábíyèsí ni wọ́n ń pè é. Ó dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ kó dùn mọ́ káfíńtà lọ.

Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣe olorì. Ká má parọ́, ohùn obìnrin yìí ni èrò ń tìtorí ẹ̀ wá. Bó bá gbé orin, àwọn ìyá àgbà á máa fi ìborùn nu ojú. Lásúnkànmí fúnra rẹ̀ kì í lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ bí kò bá tíì gbọ́ orin ìyàwó rẹ̀ nídìí iná. Ohun méjì kọ́ ló fẹ́ láyé: ohùn yẹn ni.

Adétúnbọ̀ ní òfin kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun alára á jáde, á kọrin ìjúbà, á júbà ọba ìlú, á júbà àgbà, á júbà àwọn ìyá, á kí gbogbo èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, eléré kankan ò gbọdọ̀ la ẹnu kí olóṣèlú, ì báà jẹ́ gómìnà.

Nígbà tí ìdìbò ọdún 1983 ń bọ̀, òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ni Lásúnkànmí lára. Àwọn ẹgbẹ́ eléré mìíràn ń ki olóṣèlú látorí ìtàgé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ọ̀gá, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ kú àbọ̀ lásán ni. Ìkíni kì í kúkú pa ènìyàn."

"Lásúnkànmí," ni Adétúnbọ̀ dá a lóhùn, "bí o bá kí ti ọ̀tún, ti òsì ń ṣọ́ ẹ. Ẹni tó bá wá wòran, òǹwòran ni. Kó jókòó kó wòran."

Sàfúrátù náà dá sí i. "Bàbá Yísà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹnu yín sínú eré." Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n lọ ṣeré ní gbọ̀ngán ilé ìwé kan ní Ìpẹ̀rú. Ara ìlú ò balẹ̀. Àwọn jàǹdùkú Ṣóbọ̀wálé, olóṣèlú kan tó ń wá ìbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun ilé ọkùnrin kan tó kọ̀ láti bá wọn ṣe ẹgbẹ́ ni. Síbẹ̀ èrò kún fọ́fọ́. Adétúnbọ̀ kọrin ìjúbà tán, eré wọra, ọba ń dá ẹjọ́ olorì lọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀kùn gbá yàà.

Ṣóbọ̀wálé ló wọlé, tòun ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tàdátàdá, tòun ti kùmọ̀. Wọ́n fi ipá lé àwọn ìyá àgbà dìde lórí bẹ́ńṣì iwájú, ó sì jókòó. Eré ń bá a lọ. Ni Àdìsá, olórí àwọn jàǹdùkú náà, bá fò gun orí ìtàgé, ojú rẹ̀ pọ́n, ìgò fífọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin eléré yìí, ẹ fọ́jú ni? Ẹ ò rí Ọnọrébù? Ẹ kí wọn!"

Adétúnbọ̀ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Ẹ jọ̀ọ́, a ti kí gbogbo ilé lápapọ̀." Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí kùmọ̀ fi bà á lórí. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn gba ojú rẹ̀. Àdìsá yíjú sí Sàfúrátù, ó di irun rẹ̀ mú, ó gbé ìgò fífọ́ náà sí i lọ́fun. "Kí wọn," ló sọ fún Lásúnkànmí. Ó rọra sọ ọ́ ni.

Lásúnkànmí rí ọ̀fun ìyàwó rẹ̀ àti ìgò lára rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ fò lọ. Ẹnu nìkan ì bá tó: ẹ káàbọ̀, kó sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ wá ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ṣóbọ̀wálé, tadétadé.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, adé kì í dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ti fi ọmọ ẹni jọba ni àwa tí a bí i ti di ẹni tó ń wólẹ̀ fún un. Kò sí eléré tí kò mọ̀ pé bí ọba orí ìtàgé bá fẹ́ kí ènìyàn, á kọ́kọ́ ṣí adé lórí. Lásúnkànmí mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ó gbàgbé ni.

Bàbá arúgbó kan bá kígbe láti ẹ̀yìn: "Ó fi adé Rẹ́mọ nulẹ̀ fún olóṣèlú! Ṣé ẹ máa jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀?"

Bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ fò. Òkò tẹ̀ lé e. Àdìsá fi Sàfúrátù sílẹ̀, ó yọ àdá, ó gé etí ọkùnrin kan já, àwọn èrò sì wó lé Àdìsá mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi bẹ́ńṣì lù ú títí kò fi mira mọ́. Ṣùgbọ́n Lásúnkànmí ni wọ́n yí ká jù. Àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un láàárín ọ̀sán náà ni wọ́n ń ta á nípàá, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, wọ́n ń gbá a ní bàtà lẹ́nu. Adé ò bọ́ lórí rẹ̀, nítorí okùn rẹ̀ le.

Sàfúrátù kò sá. Ojú ọ̀nà là gbayawu fún un, kò gbà á. Ó já wọ àárín wọn, ó bo ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já okùn adé náà, ó ń pariwo: "Kì í ṣe ọba! Ọkọ mi ni! Káfíńtà ni o!" Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì na ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Lásúnkànmí gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ní ọsibítù ní Ṣàgámù, wọ́n fi wáyà so àgbọ̀n Sàfúrátù pọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti gé. Dókítà ní ẹ̀kọ ni á máa mu fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé ó wà láàyè, kí wọ́n sì gbàgbé orin.

Kò pẹ́ tí Ṣóbọ̀wálé wá kí àwọn tó fara pa, tòun ti akọ̀wé rẹ̀ àti ayafọ́tò. Ó dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya náà, ó rẹ́rìn-ín. Orí Lásúnkànmí ṣì wà nínú báńdéèjì. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ẹ sáà rí i, sà. Ẹ rí i pé mo kí yín."

"Kí mi? Nígbà wo?" Ṣóbọ̀wálé wojú akọ̀wé rẹ̀. "Èmi àti eléyìí ń sọ̀rọ̀ ni. Ariwo ni mo gbọ́, wọ́n sì ti gbé mi jáde. Mi ò rí ẹ o."

Lásúnkànmí dìde. Ó fi orí gbá a lẹ́nu, eyín bọ́ sílẹ̀, ó di ọrùn agbádá rẹ̀ mú, ó sì ń fún un. Àwọn jàǹdùkú rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu Lásúnkànmí láàárín bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣẹ́ apá rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń ké. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lábẹ́ bàtà wọn, ó gbọ́ tí nǹkan kan ń bú ramúramù lókè orí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé Sàfúrátù ni, tó ń gbìyànjú láti pe orúkọ òun.