Sítíárìn Tí Ọ̀gá Mi Há Mọ́ Abíyá

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú ní Abidjan, ẹ́ńjìnnì ni mo ń tò lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ni mí lọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó Faransé kan tó ní mọ́tò eré ìje. Bàbá ni ọ̀gá, ọmọ rẹ̀ ló ń wà á, ìyàwó Ọ̀gá ló ń fi aago ṣọ́ eré. Wọ́n léèwọ̀ kan: bí iṣẹ́ bá ti parí, Ọ̀gá á yọ sítíárìn mọ́tò náà, á gbé e lọ sílé. Ó ní bàbá òun ló fi kọ́ àwọn ní France, pé ọwọ́ tí kì í bá ṣe ti ìdílé àwọn kò gbọdọ̀ wa mọ́tò yẹn. Èmi tí mo to ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò rí nǹkan!

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀ yẹn. Ọ̀gá yọ sítíárìn, ó há a mọ́ abíyá, ó kó ìdílé rẹ̀ sínú ọkọ̀ wa kejì. Àwọn sójà Faransé ti ń dúró láti kó wọn kúrò nílùú.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sítíárìn sílẹ̀. Mo níyàwó, mo lọ́mọ."

"Ganiyu, a ń padà bọ̀. Tọ́jú ṣọ́ọ̀bù."

Irọ́ burúkú.

Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni èmi, Ràmọ́tà ìyàwó mi àti Nímọ́tà ọmọ wa sá sí. Gààrí tán, omi tán. Ràmọ́tà jáde lọ pọn omi, ọta ìbọn bà á nítan. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ṣùrù. Kò sí takisí, kò sí ẹnikẹ́ni nígboro. Mọ́tò eré ìje wà níbẹ̀, epo kún inú ẹ̀. Mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó bú ramúramù. Mo fi sípánà ńlá di ọ̀pá sítíárìn mú, ó yọ̀, mọ́tò forí sọ ògiri.

Ràmọ́tà ní, "Bàbá Nímọ́tà, pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Àwọn oníbọn á gbọ́ wa."

Bárò ni mo fi ti Ràmọ́tà, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi dákẹ́ ká tó dé ọsibítù.

Nímọ́tà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, Ajax ní Canada ló ń gbé. Òun ló mú mi lọ wo àwọn mọ́tò ìje àtijọ́ ní Port Credit. Ta ni mo rí? Ọmọ Ọ̀gá! Irun ẹ̀ ti funfun, ó di máíkì mú, ó ń ròyìn ìdílé wọn. Ó gbé sítíárìn yẹn sókè, ó ní ohun kan ṣoṣo táwọn rí gbà là nínú ogun nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ó rí mi, ó sáré dì mọ́ mi. "Ganiyu! Ìdílé wa ni ẹ̀yin náà! Ẹ gbà, ẹ dì í mú."

Nímọ́tà ní, "Daddy, just take it."

Mo gbà á. Kò wúwo tó ọmọ ọwọ́.

Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Kí lorúkọ ìyàwó mi?"

Ó wolẹ̀.

Nímọ́tà, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, ló fi Yorùbá sọ̀rọ̀. "Ràmọ́tà. Ràmọ́tà ni wọ́n ń pe ìyá mi."

Mo gbé sítíárìn wọn sílẹ̀, a bá tiwa lọ.