Òǹtẹ̀ Kìnnìún Lára Aṣọ Ìyá Mi

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa, kò sí obìnrin Ìwó tó jẹ́ já òǹtẹ̀ kúrò lára aṣọ òyìnbó tó bá rà. Bébà aláwòrán kìnnìún ni, a ó sì ró ìró wa kí ó lè hàn gbangba níbàdí. Ẹni tí kò rí oúnjẹ alẹ́ jẹ pàápàá kò ní fọ aṣọ náà, kí òǹtẹ̀ má baà bọ́. Ẹ má bi mí pé ta ló tàn wá. Àwa fúnra wa ni.

Ahunṣọ ni ìyá mi, kíjìpá ni wọ́n ń hun, wọn ò sì ní aṣọ òyìnbó kankan. Nígbà tí ìdána mi ku oṣù kan, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ará Kuta ni àfẹ́sọ́nà mi, aṣọ òyìnbó sì ni ìyá rẹ̀ ń tà. Bí obìnrin yẹn bá bá ìyá mi nínú kíjìpá, ojú ẹ̀gàn ni wọn yóò fi máa wò mí títí n ó fi darúgbó nílé wọn. Ohun tí mò ń rò tọ̀sán-tòru nìyẹn.

Mo sunkún fún ìyá mi, wọn ò bá mi wí. Wọ́n ra òwú òyìnbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n hun ún, wọ́n pa á láró, wọ́n sì fi kùmọ̀ lù ú títí tó fi ń dán. Èmi ní tèmi ṣa òǹtẹ̀ kan tó já bọ́ nídìí àtẹ aláṣọ lọ́jà, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà.

Lọ́jọ́ ìdána, ìyá mi ń làágùn, òórùn aró kò sì tíì tán lára aṣọ wọn. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ kí ìyá mi, bí wọ́n ṣe dìde, wọ́n di etí ìró ìyá mi mú, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

“Àna mi, níbo lẹ ti rí èyí? Mo dé Ìbàdàn, n ò rí irú ẹ̀. Òyìnbó mà mọṣẹ́ o!”

Ìyá mi la ẹnu. Inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn ló hun ún. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré kúnlẹ̀.

“Òyìnbó ni, ìyá,” ni mo wí. “Àwọn tó ń hunṣọ níbí ò lè hun irú èyí láéláé.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà ayé wa, ahunṣọ tó bá fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò dì sẹ́rù ìyàwó. Nígbà tí mo tú ẹrù tèmi ní Kuta, aṣọ rírà ni gbogbo rẹ̀. Mo padà wálé, mo bẹ ìyá mi, mo ní èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun ni mo fẹ́.

“Aṣọ rírà yẹn ló yẹ ọ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, wọn ò sì bínú rárá. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá ti gbàgbé.