Ọjọ́ Tí Mo Gbé Pàwúdà Ìyàwó Kọjá Lọ́dọ̀ Sójà

Nígbà tí mi ò tíì ga ju fèrèsé ilé wa lọ ní Ṣómólú, ẹ̀rù sójà máa ń bà mí ju ẹ̀rù iwin lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Láàárọ̀ yìí tí mo rí i tí wọ́n ń kun ojú ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbéyàwó ẹ̀, tí ojú ọmọ náà ń dán bíi góòlù, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó, mo kàn ń lọ mo ń bọ̀ nínú yàrá, àfi bí ẹni pé èmi gan-an ni ìyàwó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti sọ sí mi lọ́kàn, mo ní kí n tètè kọ ọ́ kí n tó gbàgbé ibì kankan níbẹ̀.

Ayé ìgbà yẹn le. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba, ọjà ò sí, owó ò sí, ọṣẹ àti mílíìkì pàápàá, a máa ń tò fún un ni. Pàwúdà ojú tó ń ti òkè òkun wá, tí wọ́n ń pè ní pankéèkì, àwọn olówó nìkan ló ṣì ń rí i rà. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, tílẹ̀ bá ti ń ṣú.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi lọ ra ìpara kan ní Onípanu kí ojú òun lè mọ́ rekete dé ọjọ́ náà. Ìpara yẹn jó o. Nígbà tí èèpá ẹ̀ ṣí, àmì funfun kan jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀, ó tó kọ́bọ̀ kan. Kò dùn ún, kò yún un, ó kàn funfun ni. Àmọ́ tí wọ́n bá rí irú àmì yẹn lójú èèyàn nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá sí wọn lẹ́nu: ẹ̀tẹ̀. A sì ti gbọ́ pé ìyá ọkọ yìí le, pé nígbà tó lọ wo ìyàwó fún ọmọ ẹ̀ àgbà, ó rí àpá kan tí wọn ò sọ fún un, ló bá kó àwọn èèyàn ẹ̀ padà sílé láìmu omi. Ìyá mi ò sùn mọ́. Ó ní tí obìnrin yẹn bá fi lè rí i, kì í ṣe ọkọ nìkan ló máa lọ, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́, èmi náà ò sì ní rí ọkọ fẹ́ lọ́la.

Àǹtí kan wà ní Bàrígà, ọmọ Ìlàjẹ, létí ọ̀sà. Ìyá ẹ̀ ń yan ẹja, àmọ́ òun ń kun ojú ìyàwó. Nígbà tí pankéèkì di ọ̀wọ́n, ó wá ọgbọ́n tiẹ̀. Á bu pàwúdà ọmọdé, á po osùn tó kúnná mọ́ ọn, á fi kòkó díẹ̀ sí i, á wá fi sítókìn jọ̀ ọ́ títí tó máa fi fẹ́lẹ́ bí èéfín. Ó ti kọ́kọ́ wá wo ẹ̀gbọ́n mi, ó fi oríṣi mẹ́ta sí i lábẹ́ àgbọ̀n títí ọ̀kan fi bá àwọ̀ ẹ̀ mu, ó wá lọ po ìwọ̀n tó máa tó.

Sátidé pé. Àǹtí dé, ó ti gbogbo fèrèsé pa nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ò tíì wọ̀, ó tan fìtílà. Ó ní ojú tí wọ́n máa fi iná fìtílà wò, iná fìtílà la fi ń kùn ún, torí ohun tó dáa nínú oòrùn lè dà bí eérú tó bá dalẹ́. Ó fi òrí díẹ̀ sójú àmì náà, ó ń fi ìka lù ú jẹ́jẹ́, kì í fà á. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sínú báàgì. Pàwúdà ò sí ńbẹ̀. Ó ti gbàgbé ẹ̀ sójú fèrèsé nílé, níbi tó sá a sí.

Èmi ni wọ́n rán. Mo sáré títí dé Bàrígà, ìyá Àǹtí di pàwúdà náà sínú ọ̀rá kékeré kan fún mi, ó so ó pa, mo tún sáré padà. Ìgbà tí mo ń lọ, kò sí ẹnì kankan ní oríta. Ìgbà tí mo ń bọ̀, àwọn sójà ti fi àgbá epo òfìfo dí títì, wọ́n ń yẹ àwọn èèyàn wò.

Ẹ gbọ́ nǹkan kan kí n tó máa lọ. Lásìkò yẹn, rédíò ò yéé sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́, yíyìnbọn pa ni. Nínú àgbàlá wa, òun ni gbogbo ayalégbé ń sọ, pé ó dà bíi pàwúdà, pé inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n ń dì í sí. Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà. Àmọ́ kò sọ sí mi lọ́kàn àfi ìgbà tí sójà kan fi kóńdó kàn mí lọ́wọ́.

"Kí lo dì sínú ọ̀rá?"

"Pàwúdà ni, sà."

"Pàwúdà wo ló pupa? Ta ló rán ẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé ìyàwó ni, mo fẹ́ sọ pé Àǹtí ni, àmọ́ mo ro ohun tó máa tẹ̀ lé e. Tí mo bá dárúkọ Àǹtí, wọ́n á lọ mú un. Tí mo bá dárúkọ ilé wa, wọ́n á lọ mú ìyá mi. Ìtọ̀ ti ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Sójà kejì wá, ó gbọ́ òórùn ọ̀rá náà, òórùn ẹja yíyan ló jáde ńbẹ̀, ó fajú ro. Ẹni àkọ́kọ́ tú u, ó nà án sí mi.

"Tó bá jẹ́ pàwúdà ni, kùn ún kí n rí i."

Mo kùn ún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń dà sílẹ̀, mo ń sunkún mo ń kùn ún, ó ní kí n kùn ún sí i, mo kùn ún sí iwájú orí, mo kùn ún sí imú, títí mi ò fi mọ ojú mi mọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti tó. Máa lọ sílé ọkọ ẹ."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Nígbà tí Àǹtí wo inú ọ̀rá, ohun tó kù ò tó èyí téèyàn máa fi ìka méjì mú. Ẹnì kan sì ti sáré wọlé pé àwọn àlejò ti wọ àdúgbò. Ni Àǹtí bá yíjú sí mi, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọjà lórí àtẹ.

"Wá jókòó síbí. Má sunkún mọ́, o ń ba ọjà jẹ́."

Ó tẹ́ bébà dídán tí bàbá mi kó wálé láti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sí mi lábẹ́ àgbọ̀n, ó fi etí ṣíbí ha ojú mi. Ibi tí omijé ti rin, kò fọwọ́ kàn án. Ibi tó gbẹ, ó ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tún fi sítókìn jọ̀ ọ́, ó wá ń fi ìka lù ú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àmì náà rá. Lójú iná fìtílà, mo wá a, mi ò rí i.

Wọ́n gbé èmi àti abẹ̀bẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó kí òógùn má bàa mú un. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí ẹ̀gbọ́n mi fi kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú nìkan la fi gbogbo ọgbọ́n wa tàn. A gbàgbé ọwọ́. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mú, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó ń ṣàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, mo rí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó pupa. Òun náà rí i. Ó wá gbójú sókè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ̀bẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó rọra nu ọwọ́ sí ìborùn ẹ̀. "Ooru ilé yìí pọ̀," ó ní. "Ẹ gbé fìtílà yẹn sẹ́yìn díẹ̀ fún ìyàwó mi."

Wọ́n gbé e sẹ́yìn. Kò pẹ́, ó ní òun fẹ́ fọwọ́, kí ìyàwó mú òun lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo tanná fún wọn. Ó bu omi, ó fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀, ó fi ìka tẹ ibi funfun náà, ó bi í bóyá ó ń mọ̀ ọ́n lára, torí ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá mú kì í mọ ìfọwọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ̀ ọ́n, pé ìpara ló jó òun, ẹkún ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà wá, mà."

Mo rò pé ìyá náà máa pe àwọn èèyàn ẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ̀rù yín ń ba èmi náà. Ọmọ mi ò níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti dá òun àtàwọn míì dúró láti oṣù méjì sẹ́yìn, a ní ká má tíì sọ fún yín." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ó fi etí ìborùn nu ojú ìyàwó ẹ̀ gbẹ, wọ́n sì jọ wọlé padà, ojú ẹ̀gbọ́n mi mọ́, kò sí pàwúdà kankan níbẹ̀. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú lórí àga.

Ayé ti yí pátápátá. Àwọn tó wá kun ọmọ yìí láàárọ̀, àpótí mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, ẹnì kankan ò sì dá wọn dúró lọ́nà. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kò ní ṣí títí di ọ̀la, kódà tó bá sunkún. Mo yọ̀ fún un, mo jó fún un. Àmọ́ ẹ̀rù díẹ̀ bà mí nígbà tí mo tún wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ká ní pàwúdà ẹ̀gbọ́n mi ò ṣí lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá òun àti ìyá ọkọ ẹ̀ ì bá máa bẹ̀rù ara wọn títí ikú fi yà wọ́n.