Ìbò Tíṣà Wa

Àárò àwọn Sátidé ìgbà konílé-ó-gbélé ń sọ mí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa ṣàárò irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ọjà pa, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, orí fóònù ni àwa tí a jọ ṣe práímárì fáìfù ní Ìṣẹ́yìn ti ń ríra. A ti fọ́n ká tipẹ́. Ìbàdàn ni mo wà, ẹnìkan ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mọ́nítọ̀ wa sì ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìpàpó. Òun ló wá eré kan rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè á yọ, ẹni méjì á kọ èsì apanilẹ́rìn-ín, orúkọ wọn ò ní hàn títí òǹwòran á fi dìbò pé èyí ló dùn jù. Ta la máa fi ṣe òǹwòran? Gbogbo wọn ní tíṣà wa ni.

Tíṣà wa ni ìyá mi.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ní kíláàsì, ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ pe òun ní Màmá. Bí mo nawọ́ títí apá fẹ́ẹ̀ já, ọmọ ọlọ́mọ ló máa pè. Bí a bá pariwo, èmi ló máa kọ́kọ́ nà, kí ará ìlú má baà ní ó ń ṣojúsàájú. Mo rò pé ìyẹn ti tán. Kò tán o! Á jókòó sábẹ́ máńgòrò níwájú ilé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, á fi èsì tèmi rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á sì dìbò fún ẹnì kejì. Kò sí ọgbọ́n tí mo dá tí kò mọ̀ pé èmi ni. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ti bímọ mẹ́ta, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ìyá mi mú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sátidé tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ìbéèrè yọ: kí làwọn tíṣà ń ṣe tí wọ́n bá ní ká lọ ṣeré? Mọ́nítọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ń sùn. Èmi kọ ọ́ pé wọ́n ń jẹ gúgúrú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó pẹ́ kó tó tẹ fóònù. Nígbà tí ìbò yọ, tèmi ló mú.

"Ojúsàájú rèé o!" ni mọ́nítọ̀ ké. "Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ni, mà!"

"Ṣé kí n má mọ ọmọ mi ni? Ọmọ mi gbọ́n. Mo ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ta lẹ fẹ́ lọ fẹjọ́ mi sùn fún?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo pa kámẹ́rà mi, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò fẹ́ kí Màmá rí i pé mò ń sunkún.