Ìdí Ààrò Ìyá Fáda

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, fáda wa ní Oǹdó ni mo máa ń rántí. Ọmọ El Salvador ni wọ́n. Lẹ́yìn máàsì, wọ́n á di ẹ̀wà sínú ìyẹ̀fun àgbàdo pípò, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, pà, pà, pà, kí wọ́n tó yan án. Pupúsà nìyẹn.

Wọ́n á máa sọ fún mi pé: “Bó o bá dé ìlú mi, má jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì o! Ìdí ààrò màmá mi, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ni kó o lọ. Pupúsà ẹlẹ́wà ni kó o bèèrè.”

Ogbó dé, iyè wọn ra. Mo yan pupúsà lọ kí wọn ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn fáda tó ti dàgbà. Wọ́n tọ́ ọ wò.

“Ó mà dùn o. Níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

Èmi tí mi ò kọjá Èkó rí ni mo wá ń júwe ìdí ààrò màmá wọn fún wọn.