Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Bàbá Máa Wolẹ̀

Ọdún tí mo jáde yunifásítì, yàrá kan ni mo háyà ní Muṣin. N kò ríṣẹ́, n kò sì ní ọ̀rẹ́ kan tí mo lè tọ̀ lọ nírọ̀lẹ́. Bàbá onílé wa nìkan ló máa ń dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù ni wọ́n ń tà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, pé kò sí ìwé owó ibodè. Ẹjọ́ dé kóòtù ìjọba àpapọ̀, Bàbá sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn.

“Gírádúétì ilé mi,” ni wọ́n wí, “àwọn aláṣọ dúdú yẹn á máa fọ èèbó lé mi lórí. Báwo ni kí n ṣe níbẹ̀?”

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wúlò fún ẹnì kan. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé n kò wọ kóòtù rí láyé mi. Mo dáhùn bí ẹni tó mọ̀:

“Ẹ ṣáà bọ̀wọ̀ fún adájọ́, Bàbá. Ẹ má wò wọ́n lójú. Ẹ máa wolẹ̀, bí ẹni tó wà níwájú ọba.”

“Ìyẹn ò le. Ilé la ti kọ́ ọ.”

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a wọ bọ́ọ̀sì dé Ìdó, a sì fẹsẹ̀ rin afárá kọjá, nítorí àyà Bàbá ń já, wọn kò lè jókòó sójú kan.

Kóòtù dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n pe Bàbá síbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró, ògbufọ̀ dúró tì wọ́n. Lọ́yà ìjọba béèrè ìwé. Bàbá ń wolẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé pé ẹni tó ta ọjà fún àwọn kó ìwé lé àwọn lọ́wọ́, òjò ló bà á jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni; n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí.

Lọ́yà náà kọjú sí adájọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, “Mílọ́ọ̀dù, ọkùnrin yìí kò lè wojú kóòtù. Ẹni tó ń sòótọ́, kí ló ń wá nílẹ̀?”

Ògbufọ̀ kò túmọ̀ ìyẹn, nítorí Bàbá kọ́ ni wọ́n bá sọ ọ́. Bàbá túbọ̀ ń wolẹ̀. Adájọ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Mo fẹ́ kígbe pé èmi ni, èmi ni mo kọ́ wọn. Mo ti ń gbéra nílẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wò mí. Mo jókòó. Ibẹ̀ ló ti yé mi ohun tí kóòtù jẹ́: olúkúlùkù ló ní àsìkò tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹni tí wọn ò sì pè kò lẹ́nu. N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí, láàárín èrò.

Níta, Bàbá di apá mi mú. “Ṣé o rí mi? N ò wojú wọn lẹ́ẹ̀kan!”

“Ẹ ṣe é dáadáa, Bàbá.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìdájọ́ dé. Bàbá pàdánù ẹ́ńjìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Adájọ́ ní kò síwèé. Kò mẹ́nu ba ojú rárá. Mo tẹ́tí títí dé òpin, mò ń dúró de ọ̀rọ̀ kan tí yóò dá mi lẹ́bi tàbí tí yóò dá mi sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, Bàbá ra ẹ̀pà, wọ́n bù ú sí mi lọ́wọ́. “Jẹun, gírádúétì. Ìwọ lo dúró tì mí.”

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Mò ń wolẹ̀, Bàbá sì rò pé ọ̀wọ̀ ni.